Àṣíborí tí ó yẹ ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ oníná mànàmáná

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ará ìjọ gbogbo, irú ẹ̀rọ kan ti ń yọjú ní ojú ọ̀nà wa ní ọdún díẹ̀ yìí, èyí tí kì í mu epo, tí kì í rú èéfín, tí ariwo rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Iná mànàmáná tí a tọ́jú sínú bátìrì ni ó ń gbé e rìn. Ní Kútọnu àti ní Lómé, láti ọdún 2022 ni àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò ti ń gun irú rẹ̀; bí bátìrì bá tán, wọn a yà sí ibùdó, wọn a gba èyí tí ó kún, wọn a sì máa bá tiwọn lọ. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń gun kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kékeré kan ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gun òkè. Díẹ̀ nínú irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ti dé ìgbèríko wa pẹ̀lú, pàápàá níbi tí ènìyàn ti ní sólà tí ó lè fi ṣáàjì bátìrì.

Ẹ̀rọ náà dára, èmi kò sì wá láti bá a jà. Èmi pàápàá ní ọ̀kan tí mo fi ń lọ sí oko. Ọ̀ràn tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti orí ẹni tí ó gùn ún, nítorí èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe àṣìṣe lórí rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ tí mo gba kẹ̀kẹ́ mi, mo wọ ọjà lọ láti ra àṣíborí, èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń pè ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Mo rí ọ̀kan tí ó pupa, tí ń dán yanran. Ẹni tí ó tà á fún mi fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí n gbọ́ bí ó ti le tó. Mo dé e, ó ń mì díẹ̀ ní orí mi. Mo ní kò burú, afẹ́fẹ́ yóò rí àyè wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo ti ń bọ̀ láti oko, ewúrẹ́ kan gba iwájú mi kọjá. Bí ó bá jẹ́ alùpùpù elépo ni, yóò ti gbọ́ ariwo, yóò sì ti sá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mi kò pariwo. Mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ yọ̀, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àṣíborí mi ti bọ́ kúrò ní orí mi kí orí náà tó kan ilẹ̀. Koríko tí wọ́n ro jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ó gbà mí. Bí mo bá ṣubú ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, orí àpáta ni ìbá jẹ́.

Nígbà tí mo dé ilé, mo tú inú àṣíborí náà wò. Aṣọ tín-ínrín àti kànìnkànìn díẹ̀ ni mo bá níbẹ̀, kò sí ohun mìíràn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí bí a ti ń yan àṣíborí, ohun tí mo rí ni mo sì kọ sílẹ̀ fún yín.

OHUN TÍ ÀṢÍBORÍ Ń ṢE

Nínú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà, àṣíborí, àṣíborí idẹ ni a sì ń rò bí a bá gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a mú èrò náà kúrò ní ọkàn. Ti ológun ni a ṣe kí idà àti òkúta má bàa wọlé. Líle rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tirẹ̀ ni pé ó ń rún.

Bí ẹnìkan bá ju iṣu sí orí àpáta, iṣu náà yóò bẹ́. Bí ó bá ju ú sí orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tí a kó jọ tí ó nípọn, kò ní í bẹ́. Kì í ṣe pé ewé le ju àpáta lọ. Rírọ̀ ni ó rọ̀, ó sì mú kí iṣu náà dúró ní pẹ̀lẹ́ dípò kí ó dúró lójijì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóòmù funfun tí ó wà nínú àṣíborí tòótọ́ ń ṣe. Ó jọ irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ṣùgbọ́n ó ki jù ú lọ púpọ̀. Bí orí bá kọlu ilẹ̀, fóòmù náà yóò rún, yóò sì gba agbára ìkọlù náà sí ara rẹ̀ kí ó tó kan agbárí. Èèpo líle tí ó wà ní òde wà láti mú kí orí yọ̀ lórí ilẹ̀ dípò kí ó há, àti kí òkúta ṣóńṣó má bàa gún fóòmù náà. Nítorí náà, àṣíborí tí ó ní èèpo tí kò ní fóòmù, irú èyí tí mo rà, igbá lásán ni.

Ọpọlọ ènìyàn rọ̀, ó sì wà nínú omi díẹ̀ nínú agbárí. Bí agbárí bá dúró lójijì, ọpọlọ kò tíì dúró. Yóò lọ kọlu ara agbárí láti inú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó iṣu sí abà mọ̀ pé iṣu tí ó jábọ́ lè dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é, ara rẹ̀ yóò jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó kọjá a ó bá inú rẹ̀ tí ó ti dúdú. Orí ènìyàn lè rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í tó oṣù kan kí ó tó hàn. Wákàtí díẹ̀ ni nígbà mìíràn. Èmi yóò tún padà sí èyí.

Kì í ṣe òní ni a ti mọ ànfààní rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì olókìkí nì, T. E. Lawrence, ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò dé àṣíborí. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ó kú láìjí. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ ni Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà. Dókítà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkíyèsí àwọn ọmọ ogun tí ń fi alùpùpù jẹ́ iṣẹ́, ní ọdún 1941 ó sì kọ ìwé lórí bí àṣíborí ti ń gba ẹ̀mí wọn là. Láti ìgbà náà ìwádìí ti pọ̀. Nígbà tí a kó wọn jọ ní ọdún 2008, a rí i pé àṣíborí ń dín ikú àwọn tí ó bá ní ìjàǹbá lórí alùpùpù kù ní ìwọ̀n 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìwọ̀n 69 nínú 100.

MỌ ERÉ TÍ Ẹ̀RỌ RẸ Ń SÁ

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé àṣíborí kẹ̀kẹ́ ni àṣíborí kẹ̀kẹ́, bí ó ti wù kí kẹ̀kẹ́ náà rí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Eré tí ẹ̀rọ ń sá ni ó yẹ kí ó sọ irú èyí tí a ó rà.

Ẹ jẹ́ kí n fi jíjábọ́ ṣe ìwọ̀n, nítorí kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó fi eré kìlómítà 15 ní wákàtí kan kọlu ògiri, bí ẹni tí ó jábọ́ láti orí tábìlì ni, kò tilẹ̀ pé mítà 1. Ẹni tí ó fi eré kìlómítà 25 kọlu ú, bí ẹni tí ó jábọ́ láti etí òrùlé ilé ilẹ̀ ni, nǹkan bíi mítà 2 àti ààbọ̀. Ẹni tí ó fi eré kìlómítà 45 kọlu ú, ọ̀pẹ gíga ni ó ti já, nǹkan bíi mítà 8. Ẹ wò ó dáadáa: eré di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n gíga di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹlẹ́mu tí ó ń yẹ igbà rẹ̀ wò ní àràárọ̀ kí ó tó gun ọ̀pẹ yóò ti lóye ohun tí mo ń wí.

Kí n má ṣe bà yín lẹ́rù ju bí ó ti yẹ lọ: kì í ṣe gbogbo ìṣubú ni ó rí báyìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó ṣubú a máa yọ̀ lọ lórí ilẹ̀, orí rẹ̀ a sì kan ilẹ̀ bí ẹni tí ó ti orí ìdúró ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igi ni ó kọlù, tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó dúró láìtan iná, gbogbo eré náà ni yóò san pátápátá.

Irú ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ràn lọ́wọ́ títí dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Bí ó bá ti kọjá èyí, ẹ̀rọ yóò dákẹ́, ẹsẹ̀ nìkan ni ó kù. Báyìí ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi ààlà sí i. Fún irú èyí, àṣíborí kẹ̀kẹ́ tí a kọ EN 1078 sí nínú ni ó tó, tàbí èyí tí a kọ CPSC sí, tí í ṣe ti Amẹ́ríkà láti ọdún 1999. Àmì wọ̀nyí fi hàn pé a ti dán irú àṣíborí náà wò, pé a fi orí irin sínú rẹ̀, a sì jù ú sí orí irin pẹrẹsẹ láti gíga tí ó tó mítà 1 àti ààbọ̀ fún ti Yúróòpù, àti mítà 2 fún ti Amẹ́ríkà.

Èkejì ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tí ó yára, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ títí dé kìlómítà 45, tàbí máìlì 28 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kà á ní Amẹ́ríkà. Ó jọ ti àkọ́kọ́ ní ojú, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ó fi ń tan ènìyàn. Àwọn ará Netherlands, tí kò sí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ tó wọn, rí i pé àṣíborí kẹ̀kẹ́ lásán kò tó fún un. Ní ọdún 2016 wọ́n gbé ìwọ̀n tuntun kalẹ̀ tí a ń pè ní NTA 8776, èyí tí a fi agbára púpọ̀ jù dán wò, tí ó sì bo ẹ̀bátí àti ẹ̀yìn orí ju ti àtijọ́ lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin wọn ti sọ pé ẹni tí ó bá gun irú kẹ̀kẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Ní Kalifóníà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú, kò sí ẹni tí ó lè gùn ún láìdé àṣíborí, ìbáà jẹ́ àgbà. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun tí ó fẹ́ fi àṣíborí ránṣẹ́, ẹ kọ orúkọ NTA 8776 yìí sí ìwé fún un. Bí kò bá sì rí i, kí ó ra ti alùpùpù.

Ẹ̀kẹta ni alùpùpù oníná mànàmáná gan-an, tí kò ní ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Nítorí pé kò pariwo ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń rò pé ohun ìṣeré ni. Alùpùpù ni! Àṣíborí alùpùpù ni ó yẹ ẹ, èyí tí a kọ ECE 22.06 sí, tàbí DOT ti Amẹ́ríkà. Ti ECE a máa ní lẹ́tà E nínú òbìrìkìtì pẹ̀lú nọ́ḿbà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lára bébà tàbí aṣọ tí a rán mọ́ ọn. Èyí tí ó bo àgbọ̀n pẹ̀lú ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹni tí ó bá dojú bolẹ̀, eyín àti àgbọ̀n rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè.

Àwọn kan yóò bi mí pé, bí ti alùpùpù bá lágbára jù, èéṣe tí gbogbo wa kò fi dé e, títí kan ẹni tí ń rọra fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́? Ìdáhùn mi ni pé oòrùn wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ ń làágùn. Bí ó bá ki orí bọ inú ìkòkò ní ọ̀sán gangan, kí ó tó ọjọ́ mẹ́ta yóò gbé e kọ́ sí ara ògiri. Àṣíborí tí ó ní ihò afẹ́fẹ́, tí ènìyàn ń dé lójoojúmọ́, sàn ju èyí tí ó nípọn tí ó wà ní ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ ń gbé lọ ní eré kìlómítà 45 kò ní àwíjàre yìí. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sí i pọ̀ tó.

Ẹ kíyèsí i pé àmì lásán kò tó. Ẹnikẹ́ni lè tẹ àmì sórí bébà kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ igbá. Ẹ fi ojú àti ọwọ́ yín wádìí. Ẹ ṣí aṣọ inú rẹ̀, ẹ wo bí fóòmù líle bá yí gbogbo orí ká tí ó nípọn tó àtàńpàkò. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹ fa okùn àgbọ̀n rẹ̀ gírígírí. Bí ó bá já ní ọwọ́ yín nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúpẹ́ pé kò já ní ọ̀nà oko. Ti àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ kò sì wúlò fún èyí. Nítorí bíríkì tí ń já bọ́ láti òkè ni a ṣe ṣe é, kò sí ohun tí ó lè ṣe fún ẹ̀gbẹ́ orí.

Mo rántí ọdún 2009. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí ṣẹ fún àwọn ọlọ́kadà ní Nàìjíríà. Ẹ kò ní gbàgbé ohun tí a rí: àwọn kan fi okùn so igbá mọ́ orí, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò náà kọ̀ láti dé èyí tí ọlọ́kadà bá fún wọn, wọ́n ní a ti fi oògùn sí i. A rẹ́rìn-ín púpọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ń tà ní ọjà lónìí kò sàn ju igbá náà lọ, àfi pé a kùn ún ní ọ̀dà tí ó dára.

BÍ A TI Ń WỌ̀N ORÍ

Nígbà tí Dáfídì fẹ́ lọ bá Gòláyátì jà, Sọ́ọ̀lù fi àṣíborí tirẹ̀ dé e ní orí, Dáfídì sì bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí kò dán an wò rí. Àṣíborí ọlọ́lá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fi èyí sí ọkàn bí ẹnìkan bá ní kí ẹ gba ti ẹ̀gbọ́n òun lò.

Ẹ yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ fi yí orí ká níbi tí ó gbé tóbi jù, ìwọ̀n ìka méjì sókè irun ojú ní iwájú, àti ibi tí ó yọ jù ní ẹ̀yìn ìpàkọ́. Iye sẹ̀ǹtímítà tí ẹ bá rí ni ẹ ó wò nínú àṣíborí náà, nítorí a máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, bí àpẹẹrẹ 56 sí 58. Bí orí yín bá wà ní àárín ìwọ̀n méjì, ẹ dé méjèèjì wò kí ẹ tó yàn. Fóòmù líle kì í fẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ inú rẹ̀ yóò fẹ̀ díẹ̀ bí ó bá pẹ́. Nítorí náà èyí tí ó há díẹ̀ tí kò dun orí ni kí ẹ mú.

Ní ti irun, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn obìnrin wa gidigidi, ìwé tí ó sì ti òkè òkun wá kì í sọ ọ́. Orí tí a di ní irun dídì tí ó nípọn kì í ṣe orí kan náà pẹ̀lú èyí tí a tú. Kí obìnrin lọ ra àṣíborí ní ọjọ́ tí irun rẹ̀ wà ní ipò tí ó máa ń wà jù, bí ó bá sì yí irun padà kí ó tún okùn rẹ̀ wọ̀n. Kò sí àṣíborí tí a lè dé lé gèlè. Kí ó ká gèlè náà sínú àpò, kí ó wé e nígbà tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò tẹ́ rárá. Bákan náà ni fìlà àwọn ọkùnrin. Aṣọ tín-ínrín kan ṣoṣo tí ó mọ́ ni ó lè wà láàárín orí àti àṣíborí.

Nígbà tí ẹ bá ti dé e, kí ó tẹ́jú, kí iwájú rẹ̀ má ju ìka méjì lọ sókè irun ojú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń tì í sẹ́yìn bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gẹ fìlà. Iwájú orí wọn wà ní ìhòòhò, iwájú orí náà ni yóò sì kan ilẹ̀. Ẹ so okùn rẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n títí yóò fi ku àyè ìka kan tàbí méjì. Ẹ la ẹnu gbàgà: ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n lára pé ó fa orí wálẹ̀. Ẹ mi orí síwá sẹ́yìn. Kí awọ iwájú orí bá a rìn. Lẹ́yìn náà kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Bí ó bá yí bọ́ kúrò ní orí, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á, bí ó tilẹ̀ pupa tí ó sì ń dán.

Àṣíborí tí a kò so okùn rẹ̀, fìlà ni. Ohun tí ó bọ́ kúrò ní orí mi nì, okùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ni n kò so ó.

Fún àwọn ọmọdé, tiwọn ni kí a rà, ní ìwọ̀n orí wọn. A kò gbọdọ̀ ra èyí tí ó tóbi pé wọn yóò dàgbà sínú rẹ̀, bí a ti ń ṣe aṣọ ilé ìwé. Ní ti ìkókó tí a pọ̀n sẹ́yìn, kò sí àṣíborí tí ó bá a mu, ọrùn rẹ̀ kò sì lè gbà á. Kí ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀, ÀTI OHUN TÍ A Ó ṢE BÍ A BÁ ṢUBÚ

Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́. Epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti ohun tí a fi ń po ọ̀dà a máa jẹ fóòmù àti èèpo rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ má ṣe fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí a tì mọ́ inú oòrùn, ẹ má sì ṣe gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ẹni tí ń fi alùpùpù gbé èrò, tí àṣíborí kan náà ń lọ láti orí dé orí, kí ó máa nu inú rẹ̀, kí ó máa sá a sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ó sì jẹ́ kí èrò fi aṣọ tín-ínrín tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nítorí làpálàpá àti iná orí a máa gba ibẹ̀ kiri.

Àṣíborí tí ó ti gba ìkọlù lẹ́ẹ̀kan ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Fóòmù tí ó ti rún kì í padà sí ipò, bí òde rẹ̀ kò tilẹ̀ sán. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi í ra ti tòkunbọ̀. Táyà tòkunbọ̀ ṣì ṣeé yẹ̀ wò. Àṣíborí tòkunbọ̀ kò lè sọ fún yín iye ìgbà tí ó ti ṣubú. Bí kò bá sì ṣubú rí, òógùn àti oòrùn yóò ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é dá fún un.

Nísinsìnyí mo padà sí ọ̀ràn iṣu tí ó jábọ́. Ẹni tí ó fi orí lu ilẹ̀ lè dìde, kí ó gbọn eruku nù, kí ó kí gbogbo ènìyàn, kí ó sì jẹ oúnjẹ alẹ́. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bá ti já nínú agbárí, ẹ̀jẹ̀ náà yóò máa kóra jọ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa tẹ ọpọlọ. Kí ará ilé ṣọ́ ọ, kí ó má ṣe dá sùn nìkan ní òru ọjọ́ náà. Bí ó bá ń bì léraléra, bí orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, bí oorun bá ń gbé e lọ tí ó ṣòro láti jí i, bí gìrì bá mú un, bí dúdú ojú kan bá tóbi ju èkejì lọ, tàbí bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ìdájí. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Ẹ má fún un ní àgbo mu, ẹ má sì da omi tútù sí i lójú.

Bí ẹ bá bá ẹnìkan ní ojú ọ̀nà tí kò mọ ara rẹ̀, ẹ má ṣe já àṣíborí gbà kúrò ní orí rẹ̀, nítorí ọrùn rẹ̀ lè ti ṣẹ́. Bí ó bá ń mí, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò fi dé. Bí kò bá lè mí nìkan ni kí ẹnìkan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kí ó má ṣe yí, kí ẹnì kejì tú okùn, kí ó sì rọra yọ ọ́.

Àṣíborí tí a kò bá lò mọ́, kí a gé okùn rẹ̀ kí a tó gbé e sọnù, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa ṣà á dé. Ti pupa tí mo kọ́kọ́ rà, nígbà tí mo gé okùn rẹ̀ tán, ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó da orí rẹ̀ kodò sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó sì kó koríko sínú rẹ̀. Adìyẹ wa kan ti sàba sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.